Bẹ́ Ẹ Ṣe Máa Yan Bíléèdì Olójú Méjì Tó Bá Irùngbọ̀n Yín Mu Kẹ́ Ẹ Tó Ra Odindi Páálí

Ohun kan wà tí mò ń rí káàkiri. Èèyàn á ra sítìkì ìfárùngbọ̀n tó dáa, onírin gidi, á bi ọ̀rẹ́ ẹ̀ pé bíléèdì wo ló ń lò, ọ̀rẹ́ á dárúkọ ọ̀kan, òun náà á lọ ra odindi páálí, 100 abẹ lẹ́ẹ̀kan náà, torí pé owó ẹ̀ máa ń wálẹ̀ tẹ́ ẹ bá rà á lọ́pọ̀. Kò ní pẹ́ tí ìléròrò á fi sú sí i lọ́rùn, abẹ́ àgbọ̀n á máa ta á, kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì á máa ha á, á wá ju sítìkì sínú dúrọ́ọ̀, á ní bíléèdì ò bá irun èèyàn dúdú mu. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Bíléèdì tí wọ́n yàn fún ojú ẹlòmíì ló fi fá ojú tiẹ̀. A kì í fárí lẹ́yìn olórí, irùngbọ̀n ọ̀rẹ́ yín náà ò sì lè bá yín yan abẹ.

Kò sí bíléèdì kan tó dáa jù fún gbogbo ayé. Èyí tó bá irun yín, awọ yín àti sítìkì yín mu ló wà, ọ̀nà tẹ́ ẹ sì fi lè mọ̀ ọ́n ni kẹ́ ẹ dán oríṣi mélòó kan wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, láì yí nǹkan míì padà. Bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é nìyí.

Ohun tẹ́ ẹ máa nílò

- Sítìkì kan ṣoṣo. Ẹ má pààrọ̀ ẹ̀ títí ìdánwò á fi parí.
- Oríṣi bíléèdì mẹ́rin, pákẹ́ẹ̀tì kékeré kọ̀ọ̀kan (márùn-ún ló sábà máa ń wà nínú ẹ̀, Feather máa ń ní mẹ́wàá nígbà míì).
- Ọṣẹ ìfárùngbọ̀n tàbí kíríìmù kan àti búrọ́ọ̀ṣì kan.
- Omi gbígbóná. Tó bá jẹ́ omi kànga tàbí bọhóò tí ọṣẹ kì í hó nínú ẹ̀ lẹ̀ ń lò nílé, ẹ fi omi òjò tàbí omi inú ọ̀rá fá, ife kan tó.
- Jígí àti iná tó mọ́lẹ̀ dáadáa. Ẹ má fá nínú òkùnkùn pé NEPA mú iná lọ.
- Álọ́ọ̀mù, èyí tí àwọn ìyá wa fi ń mú omi tòrò. Òkúta ẹ̀ kan tó mọ́ tó, ẹ ò nílò èyí tí wọ́n dì sínú páálí aláràbarà.
- Ibi tẹ́ ẹ máa kọ nǹkan sí, ìwé tàbí fóònù.
- Agolo mílíìkì kan tẹ́ ẹ ò tíì ṣí. Màá sọ ohun tẹ́ ẹ máa fi ṣe níwájú.

Tẹ́ ẹ bá ní kélọ́ìdì lára, ìyẹn àpá tó máa ń wú ju ojú ọgbẹ́ lọ, tàbí tí ìléròrò tó wà lọ́rùn yín báyìí bá ní ọyún tàbí tó ti le bí kókó, ẹ má tíì bẹ̀rẹ̀. Ẹ lọ rí dókítà awọ ara kọ́kọ́. Abẹ kankan ò lè wo ìyẹn sàn, ṣe ló máa dá kún un.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ mọ bí irun yín ṣe hù

Irun tiwa máa ń ká. Tẹ́ ẹ bá gé e mọ́ awọ jù, ẹnu ẹ̀ máa ń mú ṣóṣóró, tó bá wá fẹ́ hù padà dípò kó jáde tààrà ṣe ló máa tẹ̀ wá gún awọ, tàbí kó má tiẹ̀ jáde rárá kó máa hù lábẹ́ awọ. Ibẹ̀ ni ìléròrò yẹn ti ń wá, tí gbogbo wa ń pè ní bọ́ǹpùsì. Sítìkì oní-abẹ mẹ́ta sí márùn-ún máa ń mú un burú sí i fún ọ̀pọ̀ èèyàn, torí abẹ tó ṣáájú á fa irun yọ díẹ̀, èyí tó tẹ̀lé e á gé e, irun á wá sá padà sísàlẹ̀ awọ. Abẹ kan ṣoṣo kì í fa irun bẹ́ẹ̀, ojú awọ ló ti máa ń gé e, ìdí sì nìyẹn tí bíléèdì olójú méjì fi yẹ irun wa gan-an, tẹ́ ẹ bá lò ó dáadáa.

Ẹ jẹ́ kí irun hù fún ọjọ́ méjì. Ẹ wá fi ìka ra á káàkiri ojú àti ọrùn, ẹ fi ìka lọ sókè, ẹ fi lọ sísàlẹ̀, ẹ fi lọ sí ẹ̀gbẹ́. Ibi tí ìka bá ti ń yọ̀ láìsí ìdènà, ọ̀nà tí irun hù sí nìyẹn. Ibi tó bá ti ń ha yín, ẹ̀ ń lòdì sí i nìyẹn.

Ibi tí wọ́n ti sábà máa ń ṣìṣe ni ọrùn. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé gbogbo irun ló ń lọ sísàlẹ̀, àmọ́ ní ọrùn, nítòsí gògóńgò, irun lè máa lọ sókè, ó lè máa lọ sí ẹ̀gbẹ́, ó tiẹ̀ lè jẹ́ pé apá ọ̀tún lọ síbì kan apá òsì lọ síbòmíì. Tẹ́ ẹ bá wá ń fá ọrùn láti òkè wá sísàlẹ̀ nígbà tí irun ibẹ̀ ń lọ sókè, ẹ̀ ń fá a ní ìdojúkọ láìmọ̀ nìyẹn, bíléèdì lẹ sì máa dá lẹ́bi.

Kẹ́ ẹ mọ̀ pé ìgbésẹ̀ yìí ti yọrí: ẹ ya àwòrán ojú yín sórí ìwé, bó ti wù kó rí, ẹ fi ọfà tọ́ka sí ibi tí irun ń lọ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì, àgbọ̀n, abẹ́ àgbọ̀n, àti ọrùn lápá ọ̀tún àti òsì. Tí ibì kan bá wà tẹ́ ẹ ò lè fi ọfà sí, ẹ tún un rà.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ mọ irú sítìkì tó wà lọ́wọ́ yín

Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara ẹ̀. Bíléèdì kan náà tó rọra lọ lórí sítìkì kan lè máa bó èèyàn lára lórí òmíì, torí orí sítìkì ló ń pinnu bí abẹ ṣe máa yọ síta tó, bó ṣe máa tẹ̀ tó, àti àlàfo tó máa wà láàárín ẹnu abẹ àti etí irin ìsàlẹ̀. Àwọn sítìkì kan jẹ́ jẹ́jẹ́, bíi Merkur 34C àti Edwin Jagger DE89, abẹ ò fi bẹ́ẹ̀ yọ lórí wọn. Àwọn kan le, Mühle R41 ni gbogbo èèyàn mọ̀ jù nínú wọn, mi ò ní gba ẹni tó ń kọ́ fífá nímọ̀ràn pé kó fọwọ́ kàn án. Èyí tó pọ̀ lọ́jà wa, tó ń tú sí mẹ́ta, tí ọwọ́ ẹ̀ lè jẹ́ rọ́bà tàbí irin fúyẹ́fúyẹ́, jẹ́jẹ́ ni púpọ̀ nínú wọn, ìṣòro wọn ni pé wọn kì í fìgbà gbogbo rẹ́ra, abẹ á wá yọ ní apá kan ju apá kejì lọ.

Ẹ wọ abẹ kan sí i, ẹ dì í, ẹ gbé e sókè síbi iná, ẹ wò ó látòkè. Ṣé ẹnu abẹ tó yọ lápá ọ̀tún tó tòsì? Ẹ wò ó látẹ̀gbẹ́ náà. Tí apá kan bá fi yọ jù, ẹ tú u, ẹ fi ìka méjì mú abẹ níbi etí ẹ̀ tó kúrú, ẹ tún un tò, ẹ máa tẹ orí mọ́lẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe ń yí ọwọ́ ẹ̀. Tó bá ṣì wọ́ lẹ́yìn tẹ́ ẹ tún un ṣe léraléra, ẹ pààrọ̀ sítìkì yẹn kẹ́ ẹ tó ná owó kankan sórí bíléèdì. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ èyí dáadáa, sítìkì tó wọ́ máa ba gbogbo ìdánwò yìí jẹ́.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ yan mẹ́rin tẹ́ ẹ máa dán wò

Ibí gan-an lọ̀rọ̀ wà, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀.

Bíléèdì olójú méjì jọra lójú, gbogbo wọn tinrin bákan náà, bíi ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà, ihò àárín wọn sì bá gbogbo sítìkì mu. Ìyàtọ̀ wọn wà ní irin tí wọ́n fi ṣe é, bí wọ́n ṣe lọ ẹnu ẹ̀, àti ohun tí wọ́n fi bo ẹnu náà. Púpọ̀ nínú wọn, irin tí kì í dípẹtà bọ̀rọ̀ ni, wọ́n á wá fi platinum tàbí chromium bo ẹnu ẹ̀ kó lè pẹ́, wọ́n á tún fi nǹkan tó ń yọ̀ bí inú páànù tí ẹyin kì í lẹ̀ mọ́ bò ó. Tó bá kù díẹ̀ kí ìbòrí yẹn gún régé, ẹ máa mọ̀ ọ́n lára nígbà tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ fi fá.

Nǹkan méjì ló wà tí àwọn èèyàn máa ń dà pọ̀: mímú àti jíjẹ́jẹ́. Abẹ lè mú gan-an kó sì jẹ́ jẹ́jẹ́ lára, ó lè mú kó máa ta èèyàn, ó sì lè má mú rárá kó tún máa ta èèyàn, èyí tó burú jù nìyẹn. Ẹni tí bọ́ǹpùsì ti ń yọ lẹ́nu sábà máa ń sá fún abẹ tó mú, á ní òun fẹ́ èyí tó rọ̀. Àmọ́ irun tó nípọn, tó ká, tí abẹ tí ò mú bá dé orí ẹ̀, kò ní gé e, ṣe ló máa fà á, ẹ̀yin náà á wá tẹ sítìkì mọ́ awọ kó lè gé, ẹ á tún ibì kan fá lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mẹrin. Títẹ̀ yẹn àti àfátúnfá yẹn ló ń bó awọ, tó ń gé irun wọnú. Lójú tèmi, abẹ tí ò mú tó ti ba ọrùn jẹ́ fún àwọn èèyàn wa ju abẹ tó mú lọ.

Torí ẹ̀ ẹ má mú oríṣi mẹ́rin tó jọra. Ẹ mú wọn báyìí:

Ọ̀kan tó rọ̀. Derby Extra, tí wọ́n ń ṣe ní Turkey, ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fi bẹ̀rẹ̀. Tiger náà wà lọ́jà wa, èyí tí wọ́n fi ń gé èékánná, tí àwọn ọmọ iléèwé fi ń gbẹ́ pẹ́ńsùlù. Ẹni tí irun ẹ̀ ò nípọn lè dán an wò.

Méjì tó wà láàárín. Astra Superior Platinum, tó wà nínú pákẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé, ni mo máa ń kọ́kọ́ sọ fún èèyàn, torí kì í sábà ṣe é ní jàǹbá, ìyẹn náà lẹ sì máa fi ṣe òṣùwọ̀n. Èkejì lè jẹ́ Voskhod ti Rọ́ṣíà, tàbí Personna, tàbí Wilkinson Sword.

Ọ̀kan tó mú gan-an. Feather ti Japan ló mú jù nínú gbogbo èyí tó wà lárọ̀ọ́wọ́tó, Gillette Nacet náà mú dáadáa, orúkọ tí àwọn bàbá wa mọ̀ nílé ni. Tí sítìkì yín bá jẹ́ èyí tó le, ẹ má fi Feather sí i, ẹ mú Nacet.

Ẹ ṣọ́ra fún orúkọ o. Orúkọ kan náà lè wà lára abẹ tó yàtọ̀ síra pátápátá. Astra aláwọ̀ ewé kọ́ ni Astra aláwọ̀ búlúù. 7 O'Clock ní àwọ̀ oríṣiríṣi, ìkọ̀ọ̀kan sì ni bó ṣe ń fá. Personna àti Wilkinson náà, orílẹ̀-èdè tó ṣe wọ́n kì í ṣe ọ̀kan. Tẹ́nì kan bá sọ fún yín pé "Personna ni mò ń lò", ẹ bi í pé èwo, àwọ̀ wo, níbo ni wọ́n ti ṣe é. Ẹ̀yin náà, tẹ́ ẹ bá ń kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ kọ orúkọ ẹ̀ tán, ẹ kọ àwọ̀ páálí àti orílẹ̀-èdè.

Ní ti ibi tẹ́ ẹ máa ti rà á: ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní London tàbí Amẹ́ríkà, ó rọ̀ yín lọ́rùn, àwọn ṣọ́ọ̀bù bíi Connaught Shaving nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí Maggard Razors ní Michigan máa ń ta onírúurú ní díẹ̀-díẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ dán an wò. Nílé, ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta nǹkan àwọn onígbàjámọ̀ lódindi, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tú páálí, kí wọ́n ta pákẹ́ẹ̀tì kan kan fún yín. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rán an wálé látòkè òkun, inú ẹrù tí wọ́n ń gbé sábẹ́ bàálù ni kẹ́ ẹ kó o sí. Tẹ́ ẹ bá kó o sínú báàgì ọwọ́, wọ́n máa gbà á lọ́wọ́ yín ní ẹ́pọ́ọ̀tù.

Ayédèrú ńkọ́? Ó wà, ó sì pọ̀. Ẹ wo ìtẹ̀wé orí páálí, ṣé ó mọ́ àbí ó ń ṣẹ́, ṣé sípẹ́lì orúkọ pé, ṣé rọ́bà tó bò ó láti ilé iṣẹ́ ṣì wà níbẹ̀. Ẹ tú ẹyọ kan, kí orúkọ wà lára irin gan-an, kó má sì máa pa rẹ́ tẹ́ ẹ bá fi omi pa á. Tí owó ẹ̀ bá fi rọlẹ̀ jù èyí tí gbogbo ọjà ń tà, ẹ fi sílẹ̀ fún un.

Kẹ́ ẹ mọ̀ pé ìgbésẹ̀ yìí ti yọrí: oríṣi mẹ́rin ló wà níwájú yín, ẹ lè tọ́ka sí èyí tó rọ̀ jù àti èyí tó mú jù, ìkankan nínú wọn ò ju pákẹ́ẹ̀tì kan lọ.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ ṣe ojú yín bákan náà nígbàkigbà

Ẹ fọ ojú pẹ̀lú omi tó gbóná níwọ̀n tàbí kẹ́ ẹ fá lẹ́yìn tẹ́ ẹ wẹ̀ tán. Irun gbígbẹ le bí wáyà, tó bá ti mu omi fún ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta ó máa rọ̀. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì po ọṣẹ títí ìfófòó á fi dán, tí á kì, tí kò ní gbẹ lójú yín kẹ́ ẹ tó parí. Tẹ́ ẹ bá rí i tó ń fọ́ pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀ bí ọṣẹ ìfọṣọ, omi ti pọ̀ jù; tó bá ń gbẹ, omi ò tó. Ọṣẹ dúdú dáa fún ìwẹ̀, mo fẹ́ràn ẹ̀, àmọ́ ìfófòó ẹ̀ kì í dúró pẹ́ lójú, ẹ má fi ṣe ìdánwò yìí.

Ẹ má lo páwúdà ìfárùngbọ̀n ní àkókò yìí o, èyí tí wọ́n ń pò tó máa ń rùn yẹn. Ó ń fi kẹ́míkà jẹ irun ni, ó sì máa ń jẹ́ kí awọ tètè bó, tẹ́ ẹ bá wá fi abẹ lé e lọ́jọ́ kejì ẹ ò ní mọ èwo ló ṣe yín.

Ojú tó ń ta yín tẹ́lẹ̀, ẹ má dán abẹ tuntun wò lórí ẹ̀. Ẹ dúró kó san. Kí ọjọ́ méjì ó kéré tán wà láàárín fífá kan sí èkejì, kí irun lè gùn bákan náà lọ́jọ́ gbogbo.

Ìgbésẹ̀ 5: Fífá gan-an

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí tó wà láàárín, Astra tẹ́ ẹ bá rí i, kẹ́ ẹ lè ní ohun tẹ́ ẹ máa fi wé àwọn yòókù. Àwọn bíléèdì kan máa ń ní ìda kékeré lára, èyí tó mú un mọ́ bébà ẹ̀. Ẹ fi omi gbígbóná ṣàn án kúrò, ẹ má fi ìka fá a, ẹ má sì fi táwẹ̀lì nù ún, ẹnu abẹ ò fẹ́ kí nǹkan kan gbá a.

Ẹ gbé orí sítìkì lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ pẹrẹsẹ, kí ọwọ́ ẹ̀ yọ síta tààrà, ẹ wá máa sọ ọwọ́ náà kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ẹ máa fi gbọ́ pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé irun. Dígírì bíi 30 ni abẹ máa wà sí awọ níbẹ̀, àmọ́ etí yín ni kẹ́ ẹ fi mọ̀ ọ́n: abẹ tó ń gé dáadáa máa ń dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ lórí irun. Ẹ jẹ́ kí ìwúwo sítìkì fúnra ẹ̀ ṣe iṣẹ́, ẹ má tẹ̀ ẹ́ rárá. Ẹ fi ọwọ́ kejì na awọ díẹ̀, kó kàn tẹ́jú ni, ẹ má fà á jù, torí awọ tẹ́ ẹ fà jù máa jẹ́ kí irun gé sísàlẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Ẹ fá lọ bí irun ṣe lọ, lẹ́ẹ̀kan, bí ọfà inú ìwé yín ṣe wí. Ẹ tún ọṣẹ fi sí i. Ẹ fá a ní ìdábùú, lẹ́ẹ̀kan. Ó tán. Ẹ má fá a ní ìdojúkọ nígbà ìdánwò, bó ti wù kó wù yín kó dán tó. Tẹ́ ẹ bá fá a ní ìdojúkọ tí bọ́ǹpùsì sì yọ, ẹ ò ní mọ̀ bóyá bíléèdì ni tàbí ọ̀nà tẹ́ ẹ gbà fá a, ẹ ti fi abẹ kan ṣòfò nìyẹn.

Àwọn kan máa ń fi bíléèdì kan fá apá ọ̀tún, wọ́n á fi òmíì fá apá òsì lọ́jọ́ kan náà. Mi ò gbà pé ó dáa, torí ọwọ́ yín ò gbọ́n bákan náà ní apá méjèèjì.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi omi tútù ṣan ojú, ẹ fi álọ́ọ̀mù tó tutù ra gbogbo ibi tẹ́ ẹ fá. Álọ́ọ̀mù máa sọ òótọ́ fún yín: ibi tó bá ti ta yín, abẹ ti bó ibẹ̀ nìyẹn, bẹ́ ẹ ò bá tiẹ̀ rí ẹ̀jẹ̀ kankan. Ẹ ṣan án kúrò lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, ẹ fi nǹkan tí ò ní òórùn pa á, òrí díẹ̀ tó fún ẹni tí òrí ò bá dí lójú. Sípíríìtì tí àwọn onígbàjámọ̀ ń da sójú yẹn, ẹ fi sílẹ̀, ó ń gbẹ awọ ni, ó sì máa jẹ́ kẹ́ ẹ rò pé abẹ ló ń ta yín.

Ẹ fi abẹ kan náà fá lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ má dá a lẹ́jọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Àwọn abẹ kan máa ń le díẹ̀ nígbà àkọ́kọ́, nígbà kejì ni wọ́n á wá rọ̀ ṣìnkún. Àwọn kan á sì dùn lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í fa irun lẹ́ẹ̀kẹta. Tí ọ̀kan bá burú gan-an láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ jù ú, ẹ mú ẹyọ mìíràn nínú pákẹ́ẹ̀tì kan náà, torí ẹyọ kan lè bàjẹ́ láti ilé iṣẹ́. Tí ẹ̀kejì náà bá burú, ó tán, ẹ kọjá sórí oríṣi míì.

Ìgbésẹ̀ 6: Bẹ́ ẹ ṣe máa ka ohun tí ojú ń sọ

Ìgbà mẹ́rin ni kẹ́ ẹ kọ nǹkan sílẹ̀: nígbà tẹ́ ẹ ń fá a lọ́wọ́, nígbà tẹ́ ẹ fi álọ́ọ̀mù sí i, láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àti ọjọ́ kẹta.

Tó bá ń fa irun látìgbà tẹ́ ẹ ti fọwọ́ kàn án, tó ń ṣe bí ẹni ń tu irun, abẹ yẹn ò mú tó fún irun yín. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ bi ara yín bóyá irun ti mu omi tó. Tó bá dá yín lójú, ẹ bọ́ sí èyí tó mú jù ú lọ.

Tí kò bá fà, tó ń lọ geere, àmọ́ tí álọ́ọ̀mù ń ta yín káàkiri, ó lè jẹ́ pé abẹ náà mú ju bí sítìkì yín ṣe lè gbà lọ, ó sì lè jẹ́ pé ẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ fá lẹ́ẹ̀kan sí i pẹ̀lú ìka méjì péré níbi ìdí sítìkì, ẹ ò ní lè tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Tó bá ṣì ta, ẹ sọ̀ kalẹ̀ sí èyí tó rọ̀ díẹ̀.

Tó bá gé yín níbì kan náà nígbà gbogbo, ìtòsí gògóńgò tàbí kọ̀rọ̀ àgbọ̀n, bíléèdì kọ́ nìyẹn. Bẹ́ ẹ ṣe dojú sítìkì kọ ibẹ̀ ni. Ẹ gbé itọ́ mì díẹ̀ tàbí kẹ́ ẹ fa awọ ọrùn sí ẹ̀gbẹ́ kúrò lórí gògóńgò kẹ́ ẹ tó fá a.

Tí ojú bá mọ́ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ fá a, tó mọ́ lọ́jọ́ kejì, tí ìléròrò wá yọ lọ́jọ́ kẹta tàbí ìkẹrin, èyí ló máa ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà jù. Wọ́n á ní abẹ ni. Irun tó ń tẹ̀ padà wọnú ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, torí ó gbọ́dọ̀ hù díẹ̀ kó tó lè gún awọ. Ó túmọ̀ sí pé ẹ fá a mọ́lẹ̀ jù, tàbí pé ẹ dojú kọ irun níbì kan. Ẹ padà sídìí àwòrán yín, ẹ yẹ ibi tó yọ yẹn wò, ẹ má fá ibẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ nígbà tó ń bọ̀. Tó bá jẹ́ ibẹ̀ nìkan ló ń yọ pẹ̀lú gbogbo bíléèdì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ yé pààrọ̀ bíléèdì.

Kẹ́ ẹ mọ̀ pé ìgbésẹ̀ yìí ti yọrí: ẹ lè fi ẹnu ara yín sọ ìdí tẹ́ ẹ fi fẹ́ ọ̀kan tẹ́ ẹ sì kọ àwọn yòókù. "Kò kàn dùn mọ́ mi" ò tó. "Ó fa irun túbọ̀mu mi lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, álọ́ọ̀mù sì ta mí ní abẹ́ àgbọ̀n," irú èyí ló yẹ kó wà nínú ìwé yín.

Ìgbésẹ̀ 7: Rírà, lílò àti jíjù ú nù

Ní báyìí ẹ lè ra páálí. Ẹ ra orúkọ, àwọ̀ àti orílẹ̀-èdè tẹ́ ẹ kọ sílẹ̀ gẹ́lẹ́.

Ẹ̀ẹ̀mẹta sí márùn-ún ni ọ̀pọ̀ èèyàn tí irùngbọ̀n ẹ̀ nípọn máa ń fi abẹ kan fá. Ẹ má wò ó pé irin ni kẹ́ ẹ máa fi ipá lò ó fún oṣù kan. Lọ́dún 2020, àwọn onímọ̀ ní yunifásítì MIT l'Amẹ́ríkà gbé iṣẹ́ kan jáde nínú ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀ tó ń jẹ́ Science, wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń sọ nǹkan tíńtín di ńlá lójú wo bí irun ṣe ń ba abẹ jẹ́, wọ́n rí i pé irun tó rọ̀ ju irin lọ ní ìlọ́po 50 lè já ẹnu abẹ kéékèèké, pàápàá tí irun bá tẹ̀, tí kò dúró tààrà síwájú abẹ. Ojú ò lè rí i, awọ ló máa kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ti rí i pé ẹ ń fá ibì kan ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ yọ ọ́.

Lẹ́yìn fífá, ẹ tú sítìkì díẹ̀, ẹ ṣan án, ẹ gbọ̀n ọ́n, ẹ fi síbi tí atẹ́gùn wà, kì í ṣe inú báfúrúùmù tó ń sun omi. Abẹ aláwọ̀ dúdú tí irin ẹ̀ kì í ṣe èyí tí kì í dípẹtà, bí irú èyí tí Treet ti Pakistan ń ṣe, lè dípẹtà mọ́jú, ẹ má fi sílẹ̀ nínú omi rárá.

Abẹ yín, tiyín nìkan ni. Kì í ṣe ti ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe ti ìyàwó, kì í ṣe ti ọmọ ọ̀dọ̀ tó fẹ́ gé èékánná. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ tí ojú ò rí lára abẹ lè gbé kòkòrò HIV tàbí àrùn ẹ̀dọ̀ tí wọ́n ń pè ní hepatitis B látọ̀dọ̀ ẹnì kan sí èkejì. Tẹ́ ẹ bá lọ sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀, ẹ mú tiyín lọ, tàbí kẹ́ ẹ wò ó kó tú tuntun lójú yín.

Agolo mílíìkì wá dé báyìí. Ẹ má ṣí orí ẹ̀, ẹ kàn lu ihò tóóró kan sí i pẹ̀lú ọ̀bẹ, tí bíléèdì lè gbà, ẹ da mílíìkì ẹ̀ mu, ẹ fi omi gbígbóná fọ inú ẹ̀, kó gbẹ. Gbogbo abẹ tẹ́ ẹ bá ti lò tán, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa jù ú sí. Àwọn tó ń ko ilẹ̀ àti àwọn ọmọ tó ń ṣa páànù lórí ààtàn ń fi ọwọ́ lásán kó ìdọ̀tí wa, abẹ tẹ́ ẹ jù sínú ọ̀rá máa bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Tó bá kún, ẹ fi sẹ́lótéèpù dí ihò ẹ̀ pinpin kẹ́ ẹ tó sọ ọ́ nù.

Tí páálí yín bá ku pákẹ́ẹ̀tì kan tàbí méjì, ẹ ra tuntun kí ti àtijọ́ tó tán, ẹ fi ẹyọ kan nínú tuntun fá, ẹ wá fi ẹyọ kan nínú ti àtijọ́ fá lẹ́yìn ọjọ́ méjì. Tí wọn ò bá jọra, ẹ yẹ orílẹ̀-èdè tó wà lára páálí wò, ilé iṣẹ́ máa ń kó ibi tí wọ́n ti ń ṣe é lọ síbòmíì. Tó bá ti yí padà, oríṣi tuntun ni kẹ́ ẹ kà á sí, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Ìgbésẹ̀ 5.